Ọkọ̀ Ni Kí N Kọ́kọ́ Rà, Àbí Ẹ́ńjìnnì Ìgégi?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Omi-Àdió ni mò ń gbé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tẹ̀lé ọ̀gá mi gégi kiri Ìbàdàn, mo sì ti ṣe fúríìdọ̀mù báyìí. Owó àjọ tó wà lọ́wọ́ mi tó ra Dáínà àlòkù kan. Tí mi ò bá sì ra ọkọ̀, ó tó ra ẹ́ńjìnnì ìgégi méjì àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, díẹ̀ á tún ṣẹ́ kù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní láìsí ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa kà mí sí kọ́ńtírákítọ̀. Igi gígé àti igi ìdáná ni mo fẹ́ máa ṣe pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? Ẹnì kan tún ń ta ẹ́ńjìnnì ìgégi Stihl 070 tó ti lò fún mi. Ṣé kí n gbà á?"

Àbúrò mi, má tíì ra ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ni kó o rà, kó o sì fi ìyókù owó náà gba ilẹ̀ tí wàá máa kó igi sí. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nínú, torí ọkọ̀ lojú ń rí. Tó o bá gbé Dáínà síwájú ilé, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ pé o ti di ọ̀gá. Igi tó ń gbẹ lábẹ́ páànù ò lè ṣe irú fọ́nńté bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa bọ́ ẹ.

Ara mi ni mo fi kọ́ ohun tí mò ń sọ yìí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí n'Ìbàdàn, ọkọ̀ lèmi náà sì kọ́kọ́ rà. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo fi í kó igi ayunrẹ́ láti apá Ìdó lọ fún ìyá alásè kan ní Ọjà'ba. Ọjọ́bọ̀ la gé igi ọ̀hún, ọjọ́ Ẹtì la là á, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la kó o, torí òwúrọ̀ Sátidé ni ìnáwó. Bá a ṣe ń gun òkè Mápó, mo gbọ́ "gbàà!" lábẹ́ ọkọ̀. Ewé sípíríńgì méjì ló ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. A fi okùn dì í, a rọra wọ́ ọ débẹ̀. Nígbà tí ìyá náà dáná ní ìdájí, igi ń dún ṣàà, omi ń hó funfun bí ọṣẹ lẹ́nu igi, èéfín bo gbogbo àgbàlá. Ilẹ̀ mọ́, ìkòkò ìrẹsì ò tíì hó. Ìdajì owó ni ìyá náà san, kò sì ra igi lọ́wọ́ mi mọ́ títí dòní. Ó jàre mi.

Omi ni mo kó gun òkè Mápó lọ́jọ́ náà. Igi tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lè jẹ́ omi. Omi yẹn ni sípíríńgì rẹ ń rù, òun ni táyà ń rù, òun ni búrékì ń dá dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òun lò ń ra dísù fún. Tó bá tún dé ìdí ààrò, iná á kọ́kọ́ gbẹ omi náà tán kó tó ráyè ìkòkò. Igi tó gbẹ dénú kì í ní omi tó ju ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹrù igi gbígbẹ fi fúyẹ́ lórí ọkọ̀ kan náà, tó sì pa owó jù. Èmi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ẹrù fi ń fúyẹ́ tí owó rẹ̀ sì ń lọ sókè.

Nítorí náà, ibi tí èrè wà ni oṣù tí igi fi jókòó. Ẹni tó ra ọkọ̀ kò lè jẹ́ kí igi jókòó. Mẹkáníìkì ń dúró, ọmọ mọ́tò ń dúró, ó gbọ́dọ̀ tà lónìí, ó sì máa ta tútù.

Ilẹ̀ tí mò ń wí yìí kò ní láti tóbi. Ìdajì pulọ́ọ̀tì tó ohun tó o máa fi bẹ̀rẹ̀, Omi-Àdió tó o wà sì dáa fún un ju inú ìgboro lọ, torí kò ní wọ́n bíi ti ìgboro, ọkọ̀ sì lè wọlé kó yí padà. Wá ibi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. To búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, na igi gígùn méjì lé e lórí, orí wọn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í to igi, kí ìkankan má fara kan ilẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan ni kó o fi páànù bò. Mo ti rí àwọn tó fi tapólì wé gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni wé ọmọ tuntun, tí igi sì bu mọ́ wọn lọ́wọ́. Fi ọ́ìlì jíjó kun búlọ́ọ̀kù náà nítorí ikán. Tó o bá fẹ́ fa igi jáde, fi ìgbálẹ̀ tàbí ọ̀pá kàn án lákọ̀ọ́kọ́, nítorí àkéekèé fẹ́ràn ibẹ̀.

La igi kó o tó tò ó. Igi róbótó tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára lè lo ọdún kan nílẹ̀ kí inú rẹ̀ ṣì máa tutù, torí èèpo ń dá omi dúró bíi náílọ́ọ̀nù. Igi ayìn ní pàtàkì, tútù ni kó o là á. Tó bá gbẹ tán, àáké á máa ta padà lórí rẹ̀ bí ẹni ń gbá irin. Èyí tí mo bá là ní oṣù kẹwàá, ọyẹ́ oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì á bá a lórí ìtò, tí oṣù Kẹta bá sì fi pé, èyí tó tínrín nínú rẹ̀ ti ṣeé tà. Nígbà náà ni òjò àkọ́kọ́ ń dé. Igi àwọn tó kó tiwọn sí gbangba á rin gbingbin, alásè á sì máa wá ẹni tí igi rẹ̀ gbẹ kiri.

O ò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá igi ti gbẹ. Mú ẹ̀là igi mẹ́ta, fi páǹtì sàmì sí wọn, kó o kó wọn sáàárín ìtò. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kó o máa gbé wọn lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta ẹran tàbí ẹja dídì, kó o kọ ìwọ̀n wọn sínú ìwé. Ìwọ̀n náà á máa já wálẹ̀, á máa já wálẹ̀, títí tí kò fi ní fẹ́ẹ́ yí padà mọ́. Ọjọ́ tó dúró sójú kan ni kó o tó pe oníbàárà. Mo tún máa ń gbá ẹ̀là méjì lura wọn. Tútù á dún bọ̀ọ̀, gbígbẹ á dún kò, ojú rẹ̀ á sì ti sán bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú ọyẹ́.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, mo rí i láàárín àwọn oníbàárà mi pé àwọn tó ti fi gáàsì sè ń padà sídìí igi. Àwọn ìyá alámàlà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dáná. Alásè ń sanwó dáadáa, ṣùgbọ́n Sátidé nìkan ni, kò sì ní fojú fo èéfín rárá. Oníbúrẹ́dì ń gba ẹrù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó ń yan garì lẹ́yìn ìlú ń gba igi tí kò tóbi, àwọn tó ń yan ẹja sì fẹ́ igi tí iná rẹ̀ rọra ń jó. Oníkálukú ló ní gígùn igi tó bá ààrò rẹ̀ mu. Béèrè kó o tó gé e.

Ayìn ni ọba igi ìdáná: iná rẹ̀ gbóná, ó pẹ́, èédú rẹ̀ le. Ìyẹn gan-an ló ń pa á, torí àwọn tó ń jó èédú kò jẹ́ kó simi ní Òkè-Ògùn àti ní àyíká wa yìí. Tí ayìn bá wà lórí ilẹ̀ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ẹ, tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀. Èmi ti bẹ àwọn kan, wọ́n sì gbà. Ayunrẹ́ dáa tó bá gbẹ. Mángòrò àti dóńgóyárò ni wàá rí jù nínú ìgboro, wọ́n sì ṣeé tà. Mẹlíná yára jó, àwọn oníbúrẹ́dì kì í kọ̀ ọ́. Àràbà, ìyeyè àti òrúrù kò yẹ ní ohun tí wàá fi owó ọkọ̀ gbé. Òrúrù ò fẹ́ gbaná rárá. Ní ti ìrókò, àpá àti ọ̀mọ̀, má sọ wọ́n di igi ìdáná. Igi pákó ni wọ́n, àwọn onísọ́mìlì ló ni wọ́n, ìwé àṣẹ àwọn onígbó ìjọba sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ kó o tó gbé wọn sójú pópó. Igbó ọba bíi ti Gàmbàrí, má tilẹ̀ gbé àáké débẹ̀.

Báyìí, ibo ni igi tí wàá tò yìí ti máa wá? Adùn iṣẹ́ wa nìyẹn: ẹni tó ni igi ló ń sanwó fún ẹ kó o lè gbé ọjà rẹ lọ. Àmọ́ ẹ fẹnu kò sórí rẹ̀ kó o tó gun igi, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún kan, a gé igi mẹ́fà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan, mo dín owó iṣẹ́ kù torí mo gbà pé èmi ni mo máa kó igi. Ọjọ́ tí ọkọ̀ dé, ẹni tó ni ibẹ̀ ní òun ti tà á fún ẹlòmíràn. Mi ò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ìlà mẹ́ta ni mo máa ń kọ, tá a ó jọ fọwọ́ sí: igi wo là ń gé, èló ni, ta ló ni igi tó wó.

Tó o bá wọ agbolé àtijọ́, láti Bẹẹrẹ lọ sí Ọ̀jẹ́, tí wọ́n ní kó o gé akòko tàbí ìrókò, béèrè lọ́wọ́ Mọ́gàjí, olórí agbolé náà, kó o tó tan ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó pè ẹ́ lè má mọ̀ pé ewé akòko yẹn ni wọ́n fi ń jẹ oyè nínú ilé náà. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ètùtù rí. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe nǹkan sídìí igi, mo á jókòó dè wọ́n.

Ohun tí inú ìgboro fi yàtọ̀ sí oko ni pé igi kì í ráyè wó. Odi ní ọ̀tún, òrùlé ní òsì, wáyà iná lókè. Láti òkè wálẹ̀ lo máa tú u, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú okùn. Wáyà iná tó bá fara kan ẹ̀ka, má fọwọ́ kàn án kí àwọn IBEDC tó ń pín iná tó wá pa á. Má gbọ́ tẹni tó ní "iná ti lọ láti àná." Iná tó lọ lè dé nígbà tó o wà lókè. Ọ̀gá rẹ ti kọ́ ẹ bí a ṣe ń la ẹnu sígi níhà ibi tó máa wó sí, mi ò ní tún un sọ, àfi ibì kan tí mo rí i pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ṣe jura wọn lọ: wọ́n ń gé e já tán. Fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìnípọn igi sílẹ̀ láìgé láàárín ẹnu náà àti ibi tó ò ń gé bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ìyẹn ló ń di igi mú kó lè wó sí ibi tó o fẹ́. Tó o bá gé e tán pátá, igi ti di ọ̀gá ara rẹ̀ nìyẹn.

Oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, tí ìjì bá jà, wọ́n á pè ẹ́ lóru. Àwọn àgbà ní bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nídìí iṣẹ́ wa nìyẹn. Igi ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun lábẹ́ òmíràn ti di pakuté. Tó o bá fi ṣéènì kàn án, ó lè fò sókè kó gbá ẹ lágbárí. Tòkè ni kó o kọ́kọ́ mú kúrò díẹ̀díẹ̀, kó o dúró sápá ibi tí kò tẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, sọ pé ó di àárọ̀.

Ẹ́ńjìnnì méjì tó o fẹ́ rà, jẹ́ kí ọ̀kan kéré tó ṣeé gbé gun igi, kí ìkejì tóbi fún ìdí igi. Kí àwọn méjèèjì ní búrékì ṣéènì. Ra akoto tó ní àwọ̀n ojú àti ìbòtí, ra bàtà tí orí rẹ̀ le, ra ṣòkòtò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ṣéènì. Akoto ọ̀kadà kò lè rọ́pò akoto yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni fáìlì, tí mo kà sí irinṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù tí owó rẹ̀ sì kéré jù. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo máa ń jókòó sórí kùkùté, mo á há apá ẹ́ńjìnnì, ìyẹn irin gígùn tí ṣéènì ń yí lé, sáàárín igi méjì kó má mì, mo á fi páǹtì pupa kan eyín tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣéènì tí nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3/8 ń lo fáìlì roboto mílímítà 5.2, ti .404 ń lo 5.5. Títì síwájú nìkan ni, láti inú eyín sí ìta, ẹ̀ẹ̀mẹta fún eyín kọ̀ọ̀kan. Má fà á padà lórí rẹ̀. Tó o bá ti ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ, igi á máa gé wọ́rọ́kọ́, wàá sì rò pé ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Wo ohun tó ń tú jáde lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ́rún tó nípọn, tó gùn, ó mú. Tó bá kúnná bí èlùbọ́, dá iṣẹ́ dúró kó o tún un pọ́n, torí ipá tí wàá fi máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ewu ń gbà wọlé. Kó o sì tó fi ṣéènì tó mú kan mángòrò àgbàlá, yí ìdí rẹ̀ po, kó o bi àgbà ilé léèrè ibi tí wọ́n ti kan ìṣó okùn aṣọ rí. Ìṣó tí igi ti gbé mì ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, ìṣó kan ṣoṣo sì tó ba gbogbo eyín jẹ́.

Epo ẹ́ńjìnnì: bó o bá lo ọ́ìlì tí Stihl ṣe, mílílítà 100 ló ń wọ bẹntiróòlù lítà 5. Ọ́ìlì tuu-síróòkù mìíràn, ìlọ́po méjì rẹ̀, 200. Fi ike tó ní nọ́ńbà wọ̀n ọ́n, má fi ojú wọ̀n ọ́n. Mo mọ̀ pé ọ́ìlì jíjó ni ọ̀pọ̀ ń rọ fún ṣéènì. Búlọ́ọ̀kù ni mo ní kó o fi kùn, má jẹ́ kó wọ ẹ́ńjìnnì, torí irin lẹ́búlẹ́bú wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ pọ́ńpù.

Ọkọ̀ wá ńkọ́? Máa háyà rẹ̀ ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, kó o máa kọ iye tó o san sílẹ̀. Ọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn kan bá pé tó o ń háyà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láìsinmi, tí owó táyà mẹ́rin sì wà lọ́tọ̀ yàtọ̀ sí owó ọkọ̀, lọ rà á. Dáínà tàbí Káńtà ni kó o wá. Má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú J5 tàn ẹ́: táyà iwájú ló ń fà á, tí igi bá sì wúwo lẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, táyà á máa yí lásán lórí òkè. Ìbàdàn yìí sì rèé, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì. 911 lágbára, ṣùgbọ́n kò lè wọ kọ̀rọ̀ tí àwọn alámàlà wa ń gbé.

Ní ti 070 tí wọ́n ń tà fún ẹ, ẹ́ńjìnnì tó lágbára ni, sọ́mìlì kún fún un. Ṣùgbọ́n ó lé ní kìlógíráàmù 10 láì tíì fi apá sí i, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tó wà nílùú ni kò ní búrékì ṣéènì, ó sì ń gbọ̀n lọ́wọ́. Igi tó ti wà nílẹ̀ ló dáa fún. Tó o bá ṣì fẹ́ ẹ, ní kí ẹni náà má tíì tan án kó o tó dé. Fa okùn rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, kó o mọ̀ bóyá kọ́mpíréṣọ̀n ń dá ẹ lọ́wọ́ dúró. Lẹ́yìn náà tú sàlẹ́ńsà rẹ̀, fi tọ́ọ̀ṣì wo pístìnnì látojú ihò náà. Tó bá ń dán, tí kò họ, ẹ lè máa dúnàá-dúrà. Tó o bá rí ilà gígùn lára rẹ̀ bí ibi tí ológbò ti fa èékánná, dá sàlẹ́ńsà padà fún un, kó o kí i, kó o máa bọ̀ nílé.